Ẹ̀jẹ̀ Ta Ló Le Jù? Ohun Tí Jíìnì Ń Ṣe Nígbà Tí Fáírọ́ọ̀sì Bá Wọ Ara

Ọ̀fìnkìn kan wọ ilé. Bàbá sín lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àbíkẹ́yìn wọn ni wọ́n gbé dìgbàdìgbà dé ọsibítù tí wọ́n fi ọ́síjìn sí nímú. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Lójú ọ̀pọ̀ wa, àlàyé rẹ̀ kò jìnnà: "Ẹ̀jẹ̀ bàbá yẹn le." Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ayé ló ń bá ọmọ náà jà. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, ọ̀rọ̀ náà tún gbòòrò sí i: wọ́n ní àrùn òyìnbó ni, pé kò lè mú adúláwọ̀.

Ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, torí ó ń pa èèyàn. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun le kò ní gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní lo kọ́ńdọ̀mù, kò sì ní tètè lọ sí ọsibítù. Òótọ́ ni pé ohun tí a jogún lára òbí ń dá sí bí àìsàn ṣe ń ṣe wá. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó le sí gbogbo àrùn, kò sí níbi kankan láyé. Jíìnì kan pàtó ló ń dínà mọ́ kòkòrò kan pàtó, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé jíìnì yẹn gan-an ni yóò lànà fún òmíràn.

## Kí ni jíìnì, kí sì ni fáírọ́ọ̀sì?

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di ara wa, ìwé ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, C, G àti T, ṣùgbọ́n wọ́n tò wọ́n lọ títí tí wọ́n fi tó bíi bílíọ̀nù 3. Jíìnì ni ẹsẹ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà tó ń sọ bí ara á ṣe ṣe èròjà kan: ọ̀kan fún ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, ọ̀kan fún ohun tó ń mú awọ dúdú. Irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 20,000. Ẹ̀dà méjì méjì ni a ní nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, bàbá fún wa ní ọ̀kan, ìyá fún wa ní ìkejì. Tí wọ́n bá gbé ìwé èèyàn méjì tí kò bára tan lé ara wọn, nínú lẹ́tà 1,000, nǹkan bí 999 ló máa dọ́gba. Ẹyọ kan tó yàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Nǹkan kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú níbí. Ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá ti dárúkọ jẹ́nótáìpù, AA, AS àti SS ló máa ń wá síni lọ́kàn, torí ohun tí wọ́n ń bi àfẹ́sọ́nà nìyẹn kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Jíìnì ẹyọ kan ni ìyẹn nínú 20,000. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀, A di T, ohun tó sì ya AA sọ́tọ̀ sí AS àti SS nìyẹn. AS máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn tó le, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà ẹ̀fọn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ohun mìíràn ni, ó sì tóbi jù ú lọ fíìfíì. AS kò ní kí mẹ́dọ̀wú tàbí HIV má mú èèyàn.

Fáírọ́ọ̀sì ńkọ́? Kò ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ohun tó gbé dání kò ju ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń sè é lọ. Á yọ́ wọ ilé ìdáná onílé, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì wa, á ní kí alásè pa ọbẹ̀ onílé tì kó máa se tòun, títí ìkòkò á fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. HIV tó ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn yìí, jíìnì 9 péré ló ní. Torí pé ohun èlò onílé ló ń lò, bí onílé ṣe kọ́ ilé rẹ̀ ṣe pàtàkì: bí ilẹ̀kùn ṣe rí, bí ọdẹ ṣe gbọ́n sí, àti ohun tó máa fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lé olè jáde.

## Báwo ni fáírọ́ọ̀sì kan ṣe ń ṣe èèyàn mẹ́ta ní ọ̀nà mẹ́ta?

Kò sí àpẹẹrẹ tó hàn gbangba fún ará ilẹ̀ wa ju ti fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní parvovirus B19 lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sábà máa ń kó o ran ara wọn nípasẹ̀ ikọ́ àti sísín. Ibi tó ń forí lé ni mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun. Á dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró fún bí ọjọ́ 7 sí 10, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ogun ara á ṣẹ́gun rẹ̀, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Ká ní PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú 100 ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 40. Bí iṣẹ́ mùdùnmúdùn bá dúró fún ọjọ́ 7, ohun tó máa dín kò pé 3. PCV á wà ní bíi 38. Kò tiẹ̀ ní mọ̀. Bóyá ara á gbóná díẹ̀, bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ pupa á pọ́n bíi pé wọ́n gbá a létí, ó parí.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS, sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ 15, ká sì ní PCV tó ti mọ́ ọn lára jẹ́ 24. Lójoojúmọ́, ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń lọ, kò sì sí àrọ́pò. Nígbà tó bá fi pé ọ̀sẹ̀ kan, 24 ti di 13. Àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú á funfun, ọmọ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, kò ní lè dìde ṣeré. Ohun tó ń ṣi òbí lọ́nà ni pé egungun lè má dun ọmọ náà bíi ti ìgbà tí kíráísìsì bá dé, ojú rẹ̀ sì lè má yẹ́lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á rò pé àárẹ̀ lásán ni. Ẹ má ṣe dúró ti oògùn ẹ̀jẹ̀ oníkápúsù nílé. Ọsibítù ni, kí wọ́n ka PCV, kí wọ́n sì ka iye sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí tuntun kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá, mùdùnmúdùn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ yẹn, àfàìmọ̀ kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ nínú ilé bá tún jẹ́ SS, kí wọ́n yẹ PCV tirẹ̀ náà wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, torí ó ṣeé ṣe kí ó ti kó o. Ìtùnú tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni B19 sábà máa ń ṣe èyí fún èèyàn láyé.

Ẹni kẹta ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ohun tí B19 ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní P. Àwọn kéréje kan wà láyé tí jíìnì wọn kì í jẹ́ kí ara wọn ṣe P rárá. Lọ́dún 1994 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé B19 kò rí nǹkan dì mú lára sẹ́ẹ̀lì irú àwọn wọ̀nyí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò rí ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ kíyè sí i pé jíìnì SS kò pe B19 wọlé. Ó wọlé sára AA àti SS bákan náà. Ohun tí SS ṣe ni pé kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọjọ́ ìṣòro. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí a má kàn máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ le tàbí pé ẹ̀jẹ̀ kò le. Ìbéèrè tó tọ́ ni: níbo gan-an ni nǹkan ti yàtọ̀?

## Ṣé òótọ́ ni pé HIV kì í mú àwọn kan?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán. Kòkòrò apa-sójà ara máa ń nílò nǹkan méjì lára sẹ́ẹ̀lì kó tó wọlé: CD4, tó dà bí ọwọ́ ilẹ̀kùn, àti CCR5, tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún 1996, wọ́n rí àwọn kan tó ti bá HIV pàdé léraléra tí kò sì mú wọn. Nínú jíìnì CCR5 tiwọn, lẹ́tà 32 ti fò dànù. Torí bẹ́ẹ̀ CCR5 tí ara wọn ń ṣe kò pé, kì í sì í dé ojú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó jogún èyí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ó ṣòro gan-an kí HIV tó mú un. Ẹni tó jogún ẹyọ kan, HIV lè mú un, àmọ́ àrùn náà kì í tètè le sí i lára. Láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹni 1 nínú 100 ló ní méjèèjì. Láàárín Yorùbá àti àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà yòókù, ẹyọ kan pàápàá ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá ń sọ nílẹ̀ wa pé HIV kò lè mú òun kò ní ẹ̀rí kankan tó lè fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Orí jíìnì yìí ni ìwòsàn HIV àkọ́kọ́ ti wá. Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Berlin, ní HIV, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì tún mú un. Ní oṣù kejì ọdún 2007, dókítà rẹ̀, Gero Hütter, pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹnì kan tó jogún CCR5 tó fò yìí lọ́nà méjèèjì. Brown kò lo oògùn HIV mọ́. Jẹjẹrẹ náà padà, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2008, jẹjẹrẹ náà ló sì padà pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ṣùgbọ́n HIV kò padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ èyí kí ẹ wá máa wá ẹni tó máa pààrọ̀ mùdùnmúdùn yín. Iṣẹ́ eléwu ni, wọ́n máa ń pa gbogbo ọmọ ogun ara aláìsàn kí wọ́n tó fi tuntun sí i, àwọn kan kì í sì í yè é. Ẹni tí HIV nìkan ń ṣe, oògùn oníhóró ojoojúmọ́ ló sàn fún un.

Oògùn kan tiẹ̀ jáde lọ́dún 2007, maraviroc, tó máa ń jókòó lé ihò kọ́kọ́rọ́ CCR5 kí HIV má baà ráyè. Kí wọ́n tó kọ ọ́ fún aláìsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ HIV tó wà lára rẹ̀ wò, torí HIV mìíràn wà tó ń gba ilẹ̀kùn CXCR4 wọlé. Bí ti aláìsàn náà bá jẹ́ irú ìyẹn, owó tó ná sórí maraviroc ti ṣòfò.

Ohun tí àwọn tó ń yin jíìnì yìí kì í fi kún un nìyí: fáírọ́ọ̀sì West Nile wà, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ẹni tí kò ní CCR5 rárá, bí West Nile bá mú un, ìyẹn ló máa ń dá irú wọn gúnlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, torí àwọn ọmọ ogun ara máa ń gba ọ̀nà CCR5 lọ bá a jà. Ilẹ̀kùn tó tì mọ́ olè, ó tì mọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú.

Mo fẹ́ kí àwọn tọkọtaya fetí sí èyí dáadáa. Ọkọ lè ní HIV kí ìyàwó má ní in fún ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ló le. Bí oògùn ARV bá ti tẹ HIV rì débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ran ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ọkọ tó bá pa oògùn tì nítorí pé ìyàwó òun "kì í kó o", láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ HIV á ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà, ìyàwó sì wọ ewu.

## Ta ló ń fọn fèrè nígbà tí olè bá wọlé?

Lóru, bí ọdẹ àdúgbò bá fura, fèrè ló máa ń fọn. Ilé tó gbọ́ á ti ilẹ̀kùn, á tan iná, àwọn géńdé á yọ àdá. Fèrè tí sẹ́ẹ̀lì ń fọn nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní interferon. Sẹ́ẹ̀lì tó fọn ọ́n lè kú, àmọ́ àwọn tó yí i ká á ti gbára dì. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ wà lára ohun tó máa ń pinnu bóyá èèyàn á sín lẹ́ẹ̀mejì ni tàbí á lọ sí ọsibítù.

Jíìnì tó ń ṣètò fèrè yìí pọ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, àwọn àrùn díẹ̀ kan ló máa ń rí àyè, gbogbo àrùn kọ́. TLR3 dà bí etí ọdẹ. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa egbò ẹnu, herpes simplex, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní in lára láìmọ̀. Nínú ọmọ díẹ̀, ó máa ń gun ọpọlọ lọ, á sì ba á jẹ́. Lọ́dún 2007 ni wọ́n rí i pé àwọn kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní TLR3 tó bàjẹ́. Ọ̀fìnkìn àti ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe wọ́n ju bó ṣe ń ṣe ọmọ mìíràn lọ. Inú ọpọlọ nìkan ni ọdẹ ti di adití.

IRF7 dà bí èémí tí ọdẹ fi ń fọn fèrè. Ọmọbìnrin kan ní Faransé, ọmọ ọdún méjì àtààbọ̀, kó ọ̀fìnkìn flu tó ń kó gbogbo èèyàn, ó sì dé orí ẹ̀rọ tó ń báni mí. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kéde pé ẹ̀dà IRF7 rẹ̀ méjèèjì ló bàjẹ́, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ara bàbá le, ara ìyá le. Ẹ ti mọ irú ìṣirò yìí tẹ́lẹ̀: bí AS àti AS ṣe ń bí SS náà ni.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ogún fi ń rìn. Kúrómósóòmù ni okùn DNA tí àwọn jíìnì tò sí. Ọkùnrin ní kúrómósóòmù X kan ṣoṣo, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí jíìnì tó wà lórí X bá bàjẹ́, ọkùnrin kò ní èkejì tó máa gbà á sílẹ̀. Lọ́dún 2020, ní Netherlands, kòrónà gbé ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin láti inú ìdílé méjì dé orí ẹ̀rọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ nínú wọn. TLR7, tó wà lórí X, ló bàjẹ́ lára gbogbo wọn. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ní ayé ń bá jà.

Kí ẹ má baà rò pé jíìnì ni ìdí gbogbo ohun tí a kò rí ìdí rẹ̀: nínú àwọn tí kòrónà dá gúnlẹ̀, nǹkan bí 10 nínú 100 ló jẹ́ pé ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun tó ń pa fèrè lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin tó ti dàgbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń ga.

## Kí ni sẹ́ẹ̀lì ń pàtẹ?

Sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe bí ìyá ọlọ́jà. Á mú èérún ohun tó wà nínú rẹ̀, á pàtẹ rẹ̀ síta kí ọmọ ogun ara tó ń kọjá lọ lè wò ó. Bí ó bá rí èérún fáírọ́ọ̀sì lórí àtẹ, á pa sẹ́ẹ̀lì náà kó tó bí ọ̀pọ̀ jáde. Àtẹ yìí ni wọ́n ń pè ní HLA, kò sì sí jíìnì tó yàtọ̀ láàárín èèyàn sí èèyàn bíi tirẹ̀. Àtẹ kan lè gba èérún HIV dáadáa kó má gba ti flu. Àwọn tó ní irú kan, HLA-B*57, wà lára àwọn tí ara wọn máa ń tẹ HIV mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìlo oògùn. Irú yìí náà ló ń ṣàkóbá níbòmíràn: HLA-B*57:01 máa ń jẹ́ kí ara gbógun ti oògùn HIV kan tí wọ́n ń pè ní abacavir débi tó lè pani. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò jíìnì yìí kí wọ́n tó fún èèyàn ní abacavir.

## Ogún wo ni àwa Yorùbá gbé dání?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí jù.

Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn, èròjà kan wà tí ń jẹ́ APOL1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lu ihò sára kòkòrò àrùn sunrunsunrun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, kí kòkòrò náà wú kó sì kú. Àwọn kòkòrò kan wá gbọ́n, wọ́n rí bí wọ́n ṣe lè yẹ APOL1 sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, irú APOL1 méjì tuntun yọ, G1 àti G2, tó ń ràn wá lọ́wọ́ lọ́tún láti kojú wọn. Àwọn tó ní in yè, wọ́n bímọ, ó tàn kálẹ̀. Láàárín Yorùbá, nínú 100 ẹ̀dà jíìnì yìí, nǹkan bí 38 ni G1, bíi 8 sì ni G2. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 lórí èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà rí i pé nǹkan bí 30 nínú 100 ló jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá.

Àrùn sunrunsunrun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn lọ́dọ̀ wa. Jíìnì náà kò lọ. Bí fáírọ́ọ̀sì bíi HIV bá sì wọlé, fèrè interferon á dún, fèrè náà á sì mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe APOL1 lọ́pọ̀. Lára ẹni tó ní G1 tàbí G2 méjì, APOL1 yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sára kíndìnrín onílé. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ewu kí HIV ba kíndìnrín jẹ́ fi ìlọ́po 29 ga lára ẹni tó jogún méjèèjì. Kòrónà náà ti ba kíndìnrín irú wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àṣírí náà lọ́dún 2010, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí kíndìnrín aláwọ̀ dúdú fi ń bàjẹ́ ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ìwé jíìnì tí àwọn Yorùbá Ìbàdàn fi sílẹ̀ fún ìwádìí ayé wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Àwọn baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n kó lẹ́rú, ló gbé e kọjá òkun.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní méjèèjì ni kíndìnrín wọn kò ní bàjẹ́ láéláé. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí ẹni tó ní HIV bẹ̀rẹ̀ ARV lọ́jọ́ tó bá mọ̀, kó má dúró dìgbà tí ara bá rù, torí bí HIV bá ti rì, fèrè á dákẹ́. Kó máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ló dára jù. Bébà tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ kò wọ́n; bí ó bá fi purotéènì hàn ní 1+ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn, torí ara gbígbóná àti iṣẹ́ agbára lè mú kí purotéènì yọ fúngbà díẹ̀. Bí ó bá tún yọ, kí wọ́n ka creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìtọ̀ tó ń hó bí omi ọṣẹ tí kò sì tètè pa, ẹsẹ̀ tó ń wú, ìpéǹpéjú tó ń wú láàárọ̀, ẹ má fojú di wọ́n. Diclofenac àti ibuprofen ojoojúmọ́, pẹ̀lú àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, máa ń dá kún ìpalára náà.

Ibà Lassa náà kàn wá. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́dún 1969, ó sì ń jà lọ́dọọdún ní Oǹdó àti Ẹdó. Jíìnì kan tí ń jẹ́ LARGE1 ló ń fi ṣúgà sára èròjà tí Lassa ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì. Lọ́dún 2007, nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé jíìnì àwọn Yorùbá Ìbàdàn wò, wọ́n rí àmì pé irú LARGE1 kan ti gbilẹ̀ láàárín wa ju bó ṣe yẹ kó gbilẹ̀ lọ, bíi pé ó ti gba àwọn baba wa sílẹ̀ lọ́wọ́ nǹkan kan. Ìwádìí ọdún 2024 lórí aláìsàn Lassa 533 ní Nàìjíríà àti Sierra Leone rí i pé irú yìí bá ewu Lassa tó dín kù rìn ní Nàìjíríà, kò rí bẹ́ẹ̀ ní Sierra Leone. Ẹ̀rí náà kò tíì le tó ohun tí èèyàn á gbẹ́kẹ̀ lé. Bo gàrí, lé eku, bí ibà kò bá sì gbọ́ oògùn ibà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lọ sí ọsibítù.

## Kòrónà ńkọ́? Ṣé adúláwọ̀ ni kò lè mú lóòótọ́?

Rárá. Aláwọ̀ dúdú kú ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York ju aláwọ̀ funfun lọ níye tí wọ́n jẹ́. Lóòótọ́, apá kan lórí kúrómósóòmù kẹta wà tó ń mú kí kòrónà le. Ìran èèyàn àtijọ́ kan, Neanderthal, ló fi sílẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn ará Gúúsù Éṣíà ló gbé e dání, bíi 16 nínú 100 ní Yúróòpù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wúwo jù ú lọ jìnnà. Ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì pé ogún ọdún, àgbàlagbà ni kòrónà sì ń pa jù. Màmá ẹni ọdún 75 tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ní Abẹ́òkúta kò ní jíìnì Neanderthal, kòrónà sì lè pa á.

## Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò jíìnì?

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, kò sí ìdí. Èsì náà kò ní yí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe padà: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọwọ́ fífọ̀, oògùn lásìkò. Ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín tọrẹ fún mọ̀lẹ́bí lè béèrè nípa APOL1 lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, torí kíndìnrín kan ṣoṣo ló máa kù fún un.

Àwọn tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sókè ni ìdílé tí àrùn wẹ́wẹ́ ti ṣe ọmọ wọn bí àrùn ńlá: èèyi tó gun ọpọlọ, ọ̀fìnkìn tó gbé ọmọ dé orí ẹ̀rọ, ọmọ tó ṣàìsàn burúkú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó gba abẹ́rẹ́ èèyi tàbí ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Abẹ́rẹ́ méjèèjì yìí, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti rọ̀ lágbára ló wà nínú wọn, nínú àwọn ọmọ kéréje tí sẹ́ẹ̀lì wọn kò gbọ́ fèrè interferon, ó máa ń di àìsàn gidi. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n débi pé kì í ṣe ìdí fún ẹnikẹ́ni mìíràn láti sá fún abẹ́rẹ́. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pa ọmọ. Àmọ́ bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n, kí ìyá sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún àbúrò. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kúrò nílé: ta ló ṣàìsàn, ọmọ ọdún mélòó ni, àrùn wo ni wọ́n ní ó jẹ́, abẹ́rẹ́ wo ló gbà ṣáájú, àti bóyá bàbá àti ìyá bára tan. Kó fi àwọn arákùnrin ìyá kún un pẹ̀lú, àwọn tó kú ní kékeré, torí ọ̀nà X ni àwọn míì ń gbà wá.